Abiyamọ Tí Kò Gbọ́ Ẹkún Ọmọ Rẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà, kó fi ìyókù sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Yorùbá ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, gbogbo wa la sì gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ ìyálọ́mọ, tàbí tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìgbẹ̀bí, yóò ti rí abiyamọ tó gbọ́ ẹkún ọmọ tí kò tatí. Ọmọ ń ké lórí ẹní, ìyá jókòó tì í, ó tẹjú mọ́ ògiri. Òmíràn ń tọ́jú ọmọ dáadáa, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n tí ọmọ bá da omi sílẹ̀ báyìí, ìyà tí yóò fi jẹ ẹ́ yóò kọjá ohun tí ọmọ ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ yàrá lọ, tí yóò máa dá sunkún. A ní orúkọ tí à ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀: ọ̀dájú, ìkà, ìyá burúkú. Àwọn mìíràn a ní ayé ló ń ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ìtàn bí àwọn tó ń tọ́jú ọmọ àti ìyá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí bi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í bi í tẹ́lẹ̀: "Nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín wà lọ́mọdé, ta ló ń gbọ́ ẹkún yín?" Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó dé ibi ìbéèrè yẹn.

*Àwọn ọmọ olè ní Lọ́ndọ̀n*

Dókítà ọpọlọ kan wà ní Lọ́ndọ̀n ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, John Bowlby ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn kò mọ́, tí wọ́n ń jalè, ni wọ́n ń mú wá bá a. Ní 1944, ó tẹ àkọsílẹ̀ jáde lórí 44 nínú wọn. Ó ya àwọn 14 sọ́tọ̀ tó dà bí ẹni pé wọn kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni, tí ìbáwí kì í dùn, tí ìyìn kì í mú inú wọn dùn. Nígbà tó wádìí ẹ̀yìn wọn, ó rí i pé 12 nínú àwọn 14 yìí ni wọ́n ti yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì kéré gan-an. Àwọn kan ti pẹ́ ní ọsípítù. Ẹ rántí pé láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọsípítù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí òbí wá wo ọmọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, wọ́n ní tí ọmọ bá rí ìyá rẹ̀, ẹkún ni yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ní 1951, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìròyìn tí Bowlby kọ fún wọn jáde, ọ̀rọ̀ náà sì tàn káàkiri ayé. Ó ṣe àwọn ọmọ láǹfààní púpọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọsípítù bẹ̀rẹ̀ sí ṣílẹ̀kùn fún ìyá. Ṣùgbọ́n ó mú wàhálà kan wá tí kò tíì tán nílẹ̀ dòní: gbogbo ẹ̀bi dà sórí ìyá. Bowlby fúnra rẹ̀ rọ ìjọba pé kí wọ́n ran òbí lọ́wọ́, àmọ́ apá yẹn kọ́ ni àwọn ènìyàn gbé lérí. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé bí ọmọ bá bàjẹ́, ìyá ló bà á jẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ti ṣe ìyá náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Láti àárín àwọn ọdún 1950 lọ, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó lọ kàwé ní Lọ́ndọ̀n, ọkọ àti aya, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru tí wọ́n sì ń lọ kíláàsì lójú ọ̀sán, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wọn fún àwọn òyìnbó alágbàtọ́ ní Kent, Essex, Sussex àti àwọn ibòmíràn. Wọ́n a fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n a sì máa san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójú àwọn òbí wọ̀nyẹn, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ la ti ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n kó bá wa tọ́ ọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ń gbọ́ oríkì ara rẹ̀ láràárọ̀, ó mọ ilé tó ti wá. Ọmọ tó wà ní Kent kò gbọ́. Àwọn kan rí alágbàtọ́ rere tí wọ́n fẹ́ràn títí dọjọ́ ikú. Àwọn mìíràn jìyà. Nígbà tó bá wá tó àkókò tí bàbá àti ìyá ń kó ẹrù padà sí Nàìjíríà, àlejò ni ìyá tó bí ọmọ náà jẹ́ sí i, wọn a sì tún já a gbà lọ́wọ́ ìyá kan ṣoṣo tó mọ̀. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀ ní Essex, ṣe fíìmù lórí ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 2018, ó pè é ní Farming. Ọ̀pọ̀ obìnrin lára àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti di ìyá, àwọn kan ti di ìyá àgbà. Àwọn kan wà lára àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo fẹ́ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà.

Padà sí ìtàn wa. Obìnrin kan, Mary Ainsworth, bá Bowlby ṣiṣẹ́ ní Lọ́ndọ̀n láti 1950. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí Kampala ní Uganda, ó tẹ̀ lé e. Láàárín 1954 sí 1955, ó ń lọ láti ilé dé ilé ní àwọn abúlé tó yí Kampala ká, òun àti ògbufọ̀, ó ń jókòó ti àwọn ìyá, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe pẹ̀lú ọmọ. Ìdílé 26 ni, ọmọ 28, nítorí ìbejì wà nínú wọn. Ohun tó rí níbẹ̀ rọrùn láti sọ. Àwọn ọmọ tí ọkàn wọn balẹ̀ jù, tí wọ́n lè rìn jìnnà sí ìyá láti lọ ṣeré nítorí wọ́n mọ̀ pé ìyá wà níbẹ̀, ni àwọn ọmọ tí ìyá wọn mọ̀ wọ́n dáadáa: ìyá tó lè sọ ohun tó ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín, ohun tó ń bà á lẹ́rù, bí ẹkún ebi ṣe yàtọ̀ sí ẹkún oorun. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé gíga lónìí nípa bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá, àwọn obìnrin Uganda wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ayé. Mo rò pé ó yẹ ká mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ti wá.

Ní àkókò kan náà, ní Yunifásítì Wisconsin, Harry Harlow ń fi ọ̀bọ ṣe ìwádìí. Ó gba ọmọ ọ̀bọ lọ́wọ́ ìyá wọn ní kété tí wọ́n bí wọn, ó tọ́ wọn nínú àgò onírin. Ìwà ìkà ni, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí àwọn abo inú wọn dàgbà tí àwọn náà bímọ, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ọmọ ṣe. Àwọn kan ń tì í dànù bí ẹni tó ń gbọn kòkòrò kúrò lára, àwọn kan ń bù ú jẹ, àwọn kan tilẹ̀ pa á. Kò sí ẹni tó gbé wọn rí, wọn kò mọ gbígbé. Síbẹ̀, ohun kan ya àwọn olùwádìí lẹ́nu: lára àwọn ìyá burúkú wọ̀nyí, àwọn kan ṣe dáadáa sí ọmọ kejì, pàápàá àwọn tí ọmọ àkọ́kọ́ ti rọ̀ mọ́ tí kò gbà kí wọ́n ti òun dànù.

*Ìyá kan ní Ann Arbor*

Selma Fraiberg kì í ṣe dókítà. Òṣìṣẹ́ wẹ́líféà ni nípa ẹ̀kọ́, Detroit ni wọ́n ti bí i ní 1918. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọwọ́ tí kò ríran. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í wo ìyá lójú, ọ̀pọ̀ ìyá a sì rò pé ọmọ kò fẹ́ràn àwọn, ọwọ́ wọn a bẹ̀rẹ̀ sí rọ lára rẹ̀. Fraiberg kọ́ wọn láti máa wo ọwọ́ ọmọ, nítorí ọwọ́ ni ọmọ náà fi ń sọ ohun tí ojú kò lè sọ. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan, ní ìlú Ann Arbor, bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ tó ríran, tó gbọ́ràn, tí ara wọn pé, àmọ́ tí nǹkan kò lọ déédéé láàárín wọn àti ìyá.

Ní 1975, òun, Edna Adelson àti Vivian Shapiro tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde tí wọ́n ṣì ń kà di òní. Àkọlé rẹ̀ ń sọ nípa iwin tó wà nínú yàrá ọmọ. Kí ẹ má rò pé àǹjọ̀nú ló ń sọ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òbí nígbà èwe, tí kò kú, tí kò sì lọ, tó tún yọjú lọ́jọ́ tí òbí náà gbé ọmọ tirẹ̀ dání, ni ó pè bẹ́ẹ̀.

Ọmọ oṣù márùn-ún àbọ̀ ni Mary nígbà tí wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n pè ní Ìyáàfin March (orúkọ tí wọ́n fi bò ó láṣìírí ni), ti lọ bá àjọ tó ń gba ọmọ fún alágbàtọ́ pé kí wọ́n bá òun gba ọmọ yìí. Ọkọ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà rí i pé ọ̀rọ̀ kọjá agbára àwọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ rí Fraiberg.

Wọ́n ya fíìmù bí wọ́n ṣe ń yẹ ọmọ náà wò. Mary kì í rẹ́rìn-ín, kì í wo ìyá rẹ̀, kì í na ọwọ́ sí i. Nígbà tó bú sẹ́kún, ẹkún tó ga, tó há lọ́fun, ìyá rẹ̀ gbé e dání bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù, ó ń wo ibòmíràn. Ó dà bí ẹni pé kò gbọ́. Àwọn tó jókòó wo fíìmù náà ń wò ó tìyanu-tìyanu: báwo ni ìyá yóò ṣe gbọ́ irú ẹkún yìí tí kò ní dìde?

Ẹ jẹ́ ká ní abúlé tàbí àdúgbò wa ló ti ṣẹlẹ̀. A óò bá a wí. A óò ní, "Ṣé ìwọ nìkan ló bímọ ni?" A óò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Mi ò sọ pé ó burú. Ọmọ tó ń sunkún gbọ́dọ̀ rí ẹni gbé e. Ṣùgbọ́n ohun tí Edna Adelson ṣe yàtọ̀. Ó ń lọ sílé obìnrin náà. Wọ́n jọ ń jókòó, ọmọ wà láàárín wọn. Àwọn ènìyàn Fraiberg a máa fi ṣe àwàdà pé iṣẹ́ ìwòsàn inú ilé ìdáná ni àwọn ń ṣe. Kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ. Ó ní kó sọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ìyáàfin March sọ ọ́. Lẹ́yìn tí ìyá tirẹ̀ bí i, àìsàn tí àwọn ìyá wa ń pè ní abisínwín mú ìyá náà, ó sì gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Àǹtí kan gba ọmọ náà tọ́, nígbà tó yá òun náà kò lè tọ́ ọ mọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, nínú òṣì. Ó ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó sọ pé tèmi ni. Ó ń sọ gbogbo èyí bí ẹni tó ń ka iye ọjà, ojú rẹ̀ gbẹ. Adelson kò kàn gbọ́ ọ kó dákẹ́. Ó ń bá a fi ẹnu sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ kò sọ: pé ọmọ kékeré tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò sunkún, yóò bẹ̀rù, yóò máa wá ìyá. Lọ́jọ́ kan, omijé dé. Ó sunkún ọmọ kékeré tó jẹ́ nígbà náà, ẹkún tí kò rí ẹni gbọ́ ọ láti ìgbà náà wá.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni kò jẹ́ kí ayé gbàgbé àkọsílẹ̀ yìí. Bó ti ń sunkún ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó na ọwọ́, ó gbé Mary, ó gbá a mọ́ra, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ọmọ tí kì í wo ìyá rẹ̀ ń rá lọ bá a, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó yá tí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n ń fi Mary sọ́dọ̀ oríṣiríṣi olùtọ́jú, ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Adelson bi ìyá bóyá ó rántí bó ṣe rí lọ́kàn òun náà nígbà tí àǹtí rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ìbéèrè yẹn tó. Ìyá náà wá ẹni kan ṣoṣo tí yóò máa tọ́jú ọmọ.

Ìbéèrè tí Fraiberg bi ara rẹ̀ lẹ́yìn èyí ṣe pàtàkì ju ìtàn Mary lọ. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jìyà nígbà èwe tí wọn kì í fi jẹ ọmọ tiwọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ búra pé ohun tí ojú àwọn rí, ojú ọmọ àwọn kò ní rí i, wọ́n sì mú un ṣẹ. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Ó ní ìyá tó ń tún ìyà náà jẹ ọmọ kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 16 kan tí wọ́n pè ní Annie, tí ẹ̀rù ń bà láti fọwọ́ kan ọmọ ọwọ́ rẹ̀, lè sọ bí wọ́n ṣe lù ú nílé bí ẹni pé àná ni. Ohun tí kò lè rántí ni bó ṣe dùn ún tó. Ìrora yẹn ló ti sin. Ẹni tó bá sì rántí ìrora náà, ìrora náà gan-an ni yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó bá fẹ́ lu ọmọ.

Fraiberg kú ní 1981. Àwọn mìíràn gba iṣẹ́ náà ṣe. Mary Main, akẹ́kọ̀ọ́ Ainsworth, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ṣètò ìbéèrè tí wọ́n ń bi àgbàlagbà nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ní Lọ́ndọ̀n, Peter Fonagy, Miriam Steele àti Howard Steele fi irú ìbéèrè yìí bá aláboyún 96 sọ̀rọ̀, àwọn tó fẹ́ bí àkọ́bí, kí wọ́n tó bímọ rárá. Nígbà tí ọmọ pé ọdún kan, wọ́n wo bí ọmọ náà ṣe ń ṣe nígbà tí ìyá bá jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì padà wọlé. Ní 1991 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Nínú ọmọ mẹ́rin, ó tó mẹ́ta tí wọ́n ti lè sọ bí yóò ṣe rí láti inú ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ nígbà tí oyún ṣì wà nínú.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi nínú jù ni èyí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ya àwọn ìyá tí ojú wọn rí màbo nígbà èwe sọ́tọ̀, wọ́n jẹ́ 27. Mẹ́wàá nínú wọn lè sọ ìtàn náà kí wọ́n sì ro ohun tó wà lọ́kàn wọn àti lọ́kàn àwọn tó ṣe wọ́n níbi. Gbogbo àwọn mẹ́wàá ni ọkàn ọmọ wọn balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn 17 tó kù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn kan ní kò sí nǹkan kan, dáadáa ni, àwọn kan kò lè sọ ọ́ kó yéni. Ọ̀kan péré nínú àwọn 17 yìí ni ọkàn ọmọ rẹ̀ balẹ̀. Irú ìyà kan náà ni, àbọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

*Ṣé nínú ẹ̀jẹ̀ ni?*

Ẹnìkan yóò ní, "Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran, ìdílé wọn ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ṣe." Michael Meaney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal, ní Kánádà, dáhùn èyí pẹ̀lú eku ní 1999. Eku kan a máa lá ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, òmíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ lá a. Ọmọ tí wọ́n lá a máa lá ọmọ tirẹ̀, èyí tí wọn kò lá kì í ṣe é. Wọ́n wá gbé ọmọ eku tí kì í láni lọ sábẹ́ ìyá tó ń láni. Nígbà tí àwọn abo náà dàgbà tí wọ́n bímọ, wọ́n lá ọmọ wọn bí ìyá tó tọ́ wọn, wọn kò ṣe bí èyí tó bí wọn. Ènìyàn kì í ṣe eku, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé èpè ìdílé ni, kó rántí àwọn eku yẹn.

Èyí kò sọ pé ara kò gbà nínú rẹ̀. Ní San Diego, dókítà Vincent Felitti ń tọ́jú àwọn tó sanra jù. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fipá bá lò nígbà èwe. Òun àti Robert Anda bi àwọn tó ń wá gbàtọ́jú léèrè ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó pé ọdún 18: lílù, ìfipábánilò, bàbá ọ̀mùtí, ìyá tí ọkọ ń lù. Ẹni 9,508 ló wà nínú èsì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998. Àwọn tí irú nǹkan mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ní ewu tó tó ìlọ́po mẹ́rin sí ìlọ́po méjìlá ti àwọn tí kò rí ọ̀kankan, ní ti ọtí àmujù, oògùn olóró, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti gbígbìyànjú láti pa ara ẹni. Ìyá tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà lórí rẹ̀, oorun kò sí, ara ń gbóná, ọkàn ń já, òun náà la ní kó máa fi sùúrù rẹ ọmọ lẹ́kún ní aago méjì òru.

*Tiwa ńkọ́?*

Ní 2014, Àjọ Ètò Ìkànìyàn Nàìjíríà pẹ̀lú UNICEF ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè. Nínú ọmọ mẹ́wàá, bíi mẹ́fà ló ti rí irú ìwà ipá kan kí wọ́n tó pé ọdún 18. Nínú ọmọbìnrin mẹ́rin, ọ̀kan ni wọ́n ti bá ṣèṣekúṣe. Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn ló ń bímọ lónìí. Àwọn ni wọ́n jókòó sí ilé ìgbẹ̀bí pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Àwọn kan ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ láti ọmọ ọdún méje, wọ́n ń jí kí gbogbo ilé tó jí, àjẹkù ni wọ́n ń jẹ, kò sí ẹni tó pè wọ́n ní orúkọ àbísọ wọn. A óò bi wọ́n léèrè ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. A kì í bi wọ́n ní ti èyí.

Bí obìnrin bá sì gbìyànjú láti sọ ọ́, kí la máa ń wí? "Ó ti kọjá, gbàgbé." "Má jẹ́ kí ọkọ ẹ gbọ́." "Ta ni kò jìyà? Àwa náà jìyà, kò pa wá." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ la fi ń sọ ọ́, ìtìjú ìdílé la sì ń bò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìtàn yìí fi hàn: ìyá tó gbàgbé ìrora ni ewu wà fún. Èmi kò gbà pé kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ kó wá jẹ́rìí ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ìyẹn lè dá ọgbẹ́ mìíràn sílẹ̀. Ohun tí Adelson ṣe kò ju pé ènìyàn kan, ibi kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò yára, tí kò gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Àgbà obìnrin tó mọ ẹnu dì lè ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, iṣẹ́ mìíràn tún wà fún yín. Ní San Francisco, Alicia Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2005 pé kì í ṣe iwin nìkan ló ń wọ yàrá ọmọ. Ìrántí ẹni rere kan, tó fẹ́ràn ìyá náà dénú nígbà tó kéré, òun náà máa ń tẹ̀ lé e dé ìdí ọmọ tirẹ̀. Nítorí náà ẹ bi í léèrè: ta ló fẹ́ràn rẹ nígbà yẹn? Ó lè jẹ́ tíṣà, ó lè jẹ́ ìyá oníṣu àdúgbò tó ń bù ún fún un lẹ́yìn ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ẹni náà pẹ́.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ rántí pé ọkọ Ìyáàfin March ló kọ̀ kí wọ́n gbé Mary lọ. Bí kò bá kọ̀, kò ní sí ìtàn tí mò ń sọ yìí.

Tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá pọ̀ fún aláboyún tàbí abiyamọ, tí kò lè sùn nígbà tí ọmọ sùn, tí kò fẹ́ jẹun, tí kò fẹ́ rí ọmọ, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti fi ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé, tí wọ́n bá kọ́ wọn, lè tọ́jú aláboyún tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin náà sì gbádùn. Ṣùgbọ́n bó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń sọ pé òun yóò pa ara òun tàbí ọmọ, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Àdúrà ń lọ lọ́wọ́, ẹ gbé e lọ sí Aro ní Abẹ́òkúta, Yábàá ní Èkó, tàbí UCH ní Ìbàdàn, èyí tó bá sún mọ́ yín. Ní Aro, láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti gbà pé kí ẹbí máa bá aláìsàn gbé nígbà ìtọ́jú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti tẹ̀ lé e. Kí ẹnìkan jókòó tì í nínú ọkọ̀, kí ẹlòmíràn gbé ọmọ.